Àpáàdì Tí Ẹ Sọ Nù Lè Gba Ẹja Yín Là

   

Lẹ́tà méjì ni ó wà lórí tábìlì mi láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń sọ. Ìyá olùkọ́ kan ni ó kọ èkínní. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun dá owó jọ, wọ́n fi ra àpótí gíláàsì kan tí ó gba omi lítà 60, wọ́n sì kó ọmọ ẹ̀pìyà mẹ́fà sínú rẹ̀, kí wọ́n lè máa fi ojú ara wọn rí bí ẹja ṣe ń mí àti bí ó ṣe ń jẹun. Ẹni tí ó tà á fún wọn ní wọn kò tíì ṣe tán. Àfi kí wọ́n ra àwọn òrùka amọ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ó ti òkè òkun wá, kí wọ́n kó o sínú asẹ́ tí ń fọ omi náà. Iye tí ó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n fi ra àpótí. Ìyá olùkọ́ wá béèrè pé, "Ṣé kò sí ohun kan nínú ilé tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọlọ́jà kan tí ń ta èlò ilé ìdáná ni ó kọ èkejì. Ó ń sin ẹja àrọ̀ sínú tánkì rọ́bà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní omi náà a máa rùn, àwọn ẹja a máa kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun sì ń da omi nù lójoojúmọ́ títí owó omi fi fẹ́ ju owó oúnjẹ ẹja lọ. Ẹnì kan sọ fún un pé kànìnkànìn ike tí ó ń tà lórí àtẹ lè fọ omi ẹja mọ́. Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Wọn kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀gá mi. Òótọ́ ni. Ìyá olùkọ́, ó wà nínú ilé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣe àlàyé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan tí mo ṣe, nítorí pé ojú ohun náà ni mo fi kọ́ ọgbọ́n tí mo fẹ́ fi fún yín lónìí.

ỌMỌ TÍ MO FẸ̀SÙN KÀN

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi náà ní àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀ mi. Ẹja 14 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Òun ni ó ń fún àwọn ẹja náà ní oúnjẹ láàárọ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìwé. Ó mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti fún wọn ní orúkọ. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni ó ń pè ní Olóyè.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo yọ asẹ́ inú àpótí náà. Fóòmù inú rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Ojú tì mí pé irú ìdọ̀tí báyìí wà nínú pálọ̀ mi. Mo gbé e lọ sí ìdí omi ẹ̀rọ, mo fún un, mo tún un fún, títí ó fi funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mo dá a padà sí àyè rẹ̀, mo jókòó, mo sì yin ara mi.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, àwọn ẹja náà kò jẹun mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wọn gbé ẹnu sójú omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú mọ́, 11 nínú wọn ti léfòó. Olóyè wà lára wọn.

Omi náà mọ́ gaara, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kò rùn, kò sì yí àwọ̀ padà. Ìyẹn gan-an ni ó mú mi ronú pé ẹnì kan ti da nǹkan sí i. Mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Kí ni o dà sínú omi yìí?" Ó ní, "Bàbá, n kò da nǹkan kan sí i." Mo ní irọ́ ni, ọwọ́ ọṣẹ ni ó tì bọ inú omi. Ó sunkún, ó búra. Mo ní ẹkún ẹni tí ó jẹ̀bi ni. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti dá a padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn dákẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ̀ pé ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ wúwo ju ìjà lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo ra ẹja mìíràn. Wọ́n ń ṣe dáadáa títí mo fi tún fọ asẹ́ ní Sátidé kan. Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti kú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọmọ kankan nílé tí n lè nawọ́ sí.

Mo gbọ̀nà ẹ̀yìn ìlú lọ bá ọkùnrin kan tí ń sin àrọ̀. Kò béèrè ẹni tí ó ń bínú sí mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni ẹ fọ asẹ́ yín kẹ́yìn, omi wo ni ẹ sì fi fọ̀ ọ́?" Nígbà tí mo dá a lóhùn, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ pa wọ́n. Àwọn tí ń bá yín tún omi ṣe ni ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣàn dànù."

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

OHUN TÍ Ń PA ẸJA NÍNÚ OMI TÍ Ó MỌ́

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìtọ̀ tí a kò fọ̀ dáadáa, òórùn kan a máa ta á nímú títí omi yóò fi jáde lójú rẹ̀. Amóníà ni orúkọ ohun tí ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹja náà ń ṣe amóníà jáde lára. Oúnjẹ tí ó jẹ ni ó ń di bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi ń mí ni ó sì ń gbà jáde jù. Oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tí ó jẹrà nínú omi ń bù kún un. Nínú odò, omi ń ṣàn án lọ, kò lè kó ara rẹ̀ jọ. Nínú àpótí lítà 60, kò rí ibi kankan lọ. Kò ní àwọ̀, bí ó bá sì kéré a kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n díẹ̀ péré ti tó láti jó ìjàgbọ̀n ẹja.

Ta ni ó wá ń gba ẹja là? Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ni, tí amóníà jẹ́ oúnjẹ wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ kòkòrò dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni ọ̀tá. Ọ̀wọ́ èkínní ń jẹ amóníà, wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tí à ń pè ní nitrite. Ìyẹn náà májèlé ni. Bí ó bá wọ ẹ̀jẹ̀ ẹja, ẹ̀jẹ̀ náà kò lè gbé atẹ́gùn kiri bí ó ti yẹ mọ́, àwọ̀ rẹ̀ a sì di bí ti kọfí. Ọ̀wọ́ kejì wá ń jẹ nitrite, wọ́n ń sọ ọ́ di nitrate. Nitrate kì í tètè pa ẹja àfi bí ó bá pọ̀ jù. Oúnjẹ ewéko ni. Ìyẹn ni omi tí a bù kúrò nínú tánkì ẹja fi dára láti fi bomi rin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò fẹ́ mọ bí a ṣe mọ̀. Ní ọdún 1877, ní ilẹ̀ Faransé, àwọn onímọ̀ méjì, Théophile Schloesing àti Achille Müntz, da omi ìdọ̀tí sínú ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n ti fi iyanrìn àti òkúta ẹfun kún. Omi náà ń ro díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fún nǹkan bí ọjọ́ 20, bí amóníà ṣe wọlé ni ó ṣe ń jáde. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní nitrate. Wọ́n wá fi oògùn kan tí ń jẹ́ kílórófọ́ọ̀mù sí i, iṣẹ́ náà sì dúró. Bí ó bá jẹ́ iyanrìn lásán ni ó ń ṣiṣẹ́, oògùn kì bá tí dá a dúró. Ohun alààyè ni ó wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1890, Sergei Winogradsky, ọmọ Rọ́ṣíà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Zürich, ya àwọn kòkòrò náà sọ́tọ̀, ó sì fi hàn pé ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Ní ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ kéde pé ẹ̀yà kan tún wà tí ó ń dá iṣẹ́ méjèèjì ṣe.

Ẹ fi ọkàn sí ọ̀pá oníyanrìn yẹn. Ohun gbogbo tí asẹ́ ẹja ń fẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀: ilé tí kòkòrò lè lẹ̀ mọ́, omi tí ń ro gba ibẹ̀ kọjá, àti ọjọ́ tí a fi mú sùúrù.

ÌṢIRÒ KAN FÚN KÍLÁÀSÌ

Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í fẹ́ léfòó kiri nínú omi. Wọ́n fẹ́ ohun tí wọn yóò lẹ̀ mọ́. Ojú ohun náà ni ilé wọn. Bí ojú bá ṣe pọ̀ tó ni àyè ṣe pọ̀ tó.

Ẹ kọ èyí sí pátákó. Òkúta kan tí ó dọ́gba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ìbú, gígùn àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ojú mẹ́fà ni ó ní. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600. Ẹ wá gé òkúta kan náà sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Yóò di 1,000. Ojú mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Gbogbo rẹ̀ wá di 6,000. Òkúta kò pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni a kò ná kọ́bọ̀ lé e, ṣùgbọ́n ilé ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ọjà ni ó rí: gbọ̀ngàn ńlá kan kò lè gba ọlọ́jà tó bí ìsọ̀ wẹ́wẹ́ tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ohun tí òrùka amọ̀ òkè òkun ń tà fún yín kò ju ìyẹn lọ. Ó kún fún ihò tíntìntín, nítorí náà ilé púpọ̀ wà nínú ìwọ̀n kékeré. Ẹni tí ó tà á kò purọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í béèrè ìlú tí ilé rẹ̀ ti wá. Bí ohun tiwa bá ní ihò tí ó kéré sí ti òrùka náà, ẹ fi kún iye rẹ̀. Ẹ lo asẹ́ tí ó tóbi díẹ̀ sí i.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó WÀ NÍTÒSÍ

Kànìnkànìn ike. Mo fi èyí ṣáájú. Irú èyí tí wọ́n fi okùn ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ hun, tí à fi ń fọ ìkòkò. Kì í jẹrà, kì í dí kíákíá, atẹ́gùn àti omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, ojú rẹ̀ sì pọ̀. Kí ẹ rí i dájú pé kò sí ọṣẹ lára rẹ̀.

Fóòmù. Èyí tí ó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe àga ìjókòó dára, bí ó bá jẹ́ tuntun tí a kò fi oògùn kankan sí. Ilé kòkòrò ni, ó sì tún ń gba ìdọ̀tí dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń dí. Ẹ yẹra fún kànìnkànìn fóòmù tí wọ́n kọ sí ara pé ó ń pa kòkòrò. Àwọn tí a fẹ́ kó sílé ni yóò pa.

Ìdérí ike omi. Èyí kò ní ihò nínú ara rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ pọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé lè ṣà á jọ ní ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kọ̀ọ̀kan sí i kí omi má baà dúró sínú rẹ̀. Pòpó tí àwọn ọmọ fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò mu, tí a gé wẹ́wẹ́, ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Àwọ̀n ẹja tí ó ti gbó, bí ó bá jẹ́ ti ọ̀rá, àti àpò àlùbọ́sà. Ẹ ká wọn jọ, ẹ dì wọ́n. Àpò àlùbọ́sà tún dára láti kó àwọn ohun yòókù sí kí wọ́n má baà fọ́nká.

Àpáàdì. Ìkòkò amọ̀ tí kò ní dídán lára ní ihò tíntìntín bí òrùka òkè òkun náà gan-an, nítorí pé amọ̀ tí a fi iná sun ni àwọn méjèèjì. Ẹ fọ́ ọ sí ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, ẹ fọ eruku rẹ̀ kúrò títí omi yóò fi mọ́. Àgbà bọ̀, wọ́n ní àpáàdì ni ó tó ko iná lójú; nínú omi náà, kò kẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe lo èyí tí epo ti wọ̀ lára, tàbí èyí tí a fi ọ̀dà kùn.

Òkúta wẹ́wẹ́. Ó dára, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó wúwo, ìdọ̀tí sì máa ń kó sí àárín rẹ̀. Èédú náà lè jẹ́ ilé kòkòrò bí a bá fọ̀ ọ́ tí a sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí a ti da kẹrosíìnì sí.

Ìkarahun ìgbín. Mélòó kan péré, tí a ti sè tí a sì ti fọ̀. Kì í ṣe fún ilé nìkan. Bí àwọn kòkòrò ti ń ṣiṣẹ́ ni omi ń kan díẹ̀díẹ̀, bí omi bá sì kan jù, iṣẹ́ wọn a dúró. Ẹfun inú ìkarahun ń pẹ̀tù sí kíkan náà. Ẹni tí ó ń lo omi òjò ni ó nílò rẹ̀ jù.

Ẹ wá gbọ́ àwọn tí kò yẹ. Kànìnkànìn onírin yóò dípẹtà. Kànìnkànìn ìbílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ti ewéko, àti èèpo àgbọn, yóò jẹrà, wọn yóò sì máa jẹ atẹ́gùn tí ó yẹ kí ẹja mí. Bàbà àti páànù tí ó ní síǹkì lára jẹ́ májèlé fún ẹja. Ike tí ó ti gbé oògùn apakòkòrò rí, ẹ jọ̀wọ́, kódà bí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, ẹ má ṣe lò ó.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó

Ọlọ́jà, tìrẹ nìyí. Wá bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà lítà 20 tí ó mọ́. Fi ìṣó gbígbóná lu ihò púpọ̀ sí ìdí rẹ̀. Gbé pákó méjì dábùú ẹnu tánkì, kí o sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lé e. Kó àpáàdì tàbí ìdérí ike sí ìsàlẹ̀, kó kànìnkànìn sí àárín títí yóò fi kún dé ibi mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí o sì fi fóòmù pẹlẹbẹ kan lé òkè pátápátá láti gba ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ kékeré tí ń fa omi ni yóò máa gbé omi láti inú tánkì wá sórí fóòmù náà. Omi yóò ro kọjá, yóò sì máa bọ́ padà sínú tánkì bí òjò. Lu ihò ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ nítòsí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó jẹ́ pé bí fóòmù bá dí, inú tánkì ni omi yóò ṣàn padà sí, kì í ṣe ilẹ̀.

Èrè kan wà nínú ríro yẹn fún àwa tí iná mànàmáná kì í dúró ṣinṣin lọ́dọ̀ wa. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń mí. Nínú asẹ́ tí ó sé pa, bí iná bá lọ, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí mélòó kan, omi tí ó dúró sínú rẹ̀ a sì bàjẹ́. Bí iná bá dé, májèlé ni yóò kọ́kọ́ tú sórí ẹja. Ẹni tí ó ní irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ da omi inú rẹ̀ nù kí ó tó tan án. Ṣùgbọ́n nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń ro, atẹ́gùn wà láyìíká wọn níwọ̀n ìgbà tí ara wọn bá tutù. Fi abọ́ bu omi tánkì sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí iná yóò fi dé. Ọmọ kékeré lè ṣe é.

Ìyá olùkọ́, fún àpótí lítà 60 yín, fóòmù kan tí ó tó búrẹ́dì kékeré ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gún un ní àárín, ẹ ki pòpó ike tí ẹ ti lu ihò sí ara rẹ̀ bọ inú ihò náà, ẹ sì so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó má léfòó. Ẹ ki rọ́bà ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn wọ inú pòpó náà dé ìsàlẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti ń hó gòkè nínú pòpó, omi yóò máa gba ara fóòmù wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé ẹ̀pìyà ń dàgbà. Bí wọ́n bá tóbi, àpótí yẹn kò ní gbà wọ́n mọ́, bí ó ti wù kí asẹ́ dára tó.

SÙÚRÙ ÀTI ÌTỌ́JÚ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń to asẹ́ lónìí, wọ́n ń kó ẹja sínú rẹ̀ lọ́la, wọ́n ń sunkún lọ́tunla. Ilé ni ẹ kọ́; àwọn ayálégbé kò tíì dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó sábà máa ń gbà kí àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì tó pọ̀ tó. Ọ̀wọ́ kejì ni ó ń pẹ́ dé jù, nítorí náà ewu nitrite máa ń wà ní àárín. Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ẹ fi ẹja díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀, èyí tí wọn yóò jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ máa pààrọ̀ omi ìdá kan nínú mẹ́rin ní ọjọ́ méjì méjì. Bí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ bá ní tánkì tí ó ti pẹ́, tí ẹja rẹ̀ kò ṣàìsàn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fún yín ní ègé fóòmù rẹ̀ tí ó dúdú. Ẹ gbé e wálé nínú omi tánkì náà, ẹ kó o sínú asẹ́ yín. Àwọn ayálégbé ni ẹ gbé wálé yẹn, ọjọ́ ìdúró yín yóò sì dín kù.

Bí àwọn ẹja bá kọ oúnjẹ, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi lójú ẹsẹ̀, ẹ sì dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Iyọ̀ ìdáná, ṣíbí ìmu-tíì kan sí lítà 5, ń dín agbára nitrite kù lára ẹ̀pìyà àti àrọ̀. Àrọ̀ a máa yọjú mí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Àfi bí gbogbo wọn bá kóra jọ sójú omi.

Omi ẹ̀rọ ní kílórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kí àwa má baà ṣàìsàn. Kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú. Ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ sínú ohun tí ó lẹ́nu gbòòrò, kí ó wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó lò ó fún ẹja.

Èyí tí ó wá ṣe pàtàkì jù ni fífọ asẹ́. Fóòmù tí ó wà lókè, tí ń gba ìdọ̀tí, ẹ lè fọ̀ ọ́ bí ó bá dí. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ bù láti inú tánkì ẹja náà ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ọṣẹ. Ẹ kàn fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ àfi bí omi kò bá kọjá mọ́. Nígbà náà, ìdajì ni kí ẹ ṣàn, kí ẹ fi ìdajì yòókù sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ rí yẹn ni ìlú àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹni tí ó bá fọ̀ ọ́ funfun ti lé gbogbo wọn jáde.

Asẹ́ kò sì gba iṣẹ́ pípààrọ̀ omi lọ́wọ́ yín. Nitrate ṣì ń kó ara rẹ̀ jọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan yóò tó fún àpótí kíláàsì nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní tìrẹ, ọlọ́jà, bí àrọ̀ rẹ bá ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n ṣe ń jẹun tó ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n dída gbogbo omi nù lójoojúmọ́ yóò dópin.

GBÈSÈ TÍ MO SAN

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin oníẹja yẹn, n kò lọ sílé tààrà. Mo kọjá lọ sí ilé ìyá ọmọ náà. Ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, kò gbé ojú sókè. Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni à fi ń fà á mọ́ra. Èmi ti fi ọwọ́ méjèèjì lé e jáde.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti rí ẹni tí ó pa Olóyè?"

Mo ní, "Mo ti rí i. Èmi ni." Mo sọ bí ó ti rí fún un, níwájú ìyá rẹ̀, nítorí pé níwájú ìyá rẹ̀ ni mo ti fẹ̀sùn kàn án. Mo ní kí ó má bínú. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Ṣé àwọn kòkòrò náà ti tún dé báyìí?"

Ó padà wá ní ìsinmi tí ó tẹ̀lé e. Òun ni ó fọ́ àpáàdì tí ó wà nínú asẹ́ mi títí di òní, ìkòkò ìyá rẹ̀ kan tí ó ti sán ni. Bí ó bá sì rí mi kí n dúró pẹ́ níwájú àpótí náà ní ọjọ́ Sátidé, a máa rẹ́rìn-ín, a sì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan fóòmù o."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó dá ọmọ lẹ́bi lórí ohun tí ó bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín. Ìyá olùkọ́ àti ọlọ́jà, mo ń retí lẹ́tà yín nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.